Àpótí Tí NEPA Ń Wò Sàn

"Injiníà, ẹ̀rọ yín tún ti kú o."

Bàbá tó ń ṣọ́ ilé bátìrì ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní iná pupa rẹ̀ ń tàn, àmọ́ èyí aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú ò ṣẹ́jú mọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi yọ wáyà rẹ̀, kí wọ́n kà dé ogún, kí wọ́n tó kì í padà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí àpótí náà fi yọjú sórí sáfà wa n'Ìbàdàn. "Ó ti jí," ni bàbá wí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ò lè kọ́ ọ kó máa jí fúnra ẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára, torí pé ohun tá a tìtorí ẹ̀ fi watchdog sínú àpótí náà gan-an nìyẹn: kó máa jí fúnra ẹ̀.

Àpótí yẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó ń ka mítà iná, ínfátà tàbí fírísà nípasẹ̀ wáyà RS485, ó sì ń fi 4G gbé iye tó bá kà wá fún wa. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, àwa la ní kí wọ́n yà á: chip i.MX6ULL tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀, RAM 256 MB, àti flash SPI NOR 32 MB kan ṣoṣo, ibi ìpamọ́ tí gbogbo ẹrù wà lórí ẹ̀, látorí U-Boot, ètò tó ń jí Linux, dé kernel tó jẹ́ ọkàn Linux, dé fáìlì tó kéré jù. Irinṣẹ́ Buildroot la fi kó Linux ẹ̀ jọ. Kò sí systemd ńlá níbẹ̀, ètò kékeré BusyBox ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. A ti gbé bí ogójì jáde. Ìdajì wà nínú ìgboro Ìbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹja yìnyín, lórí iná NEPA tààrà. Ìdajì yòókù wà láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, lára sólà àti bátìrì, níbi tí iná kì í ti í lọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ àwọn tí iná wọn kì í lọ nìkan ni àpótí ti ń kú. Méje nínú ogún ti kú, àwọn míì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti Ìbàdàn ò kú rí. Ọ̀gá mi ní ooru ni, pé Òkè-Ògùn gbóná ju ibi tá a wà lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìdáhòlu lọ, mo lu ihò mẹ́rin sí ìdérí ọ̀kan nínú wọn. Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọmọńlé ló ń fi í ṣe ojú ọ̀nà.

Watchdog fúnra ẹ̀ kò le. Ó jẹ́ òǹkà kan nínú chip tó ń ka sísàlẹ̀. Bí ètò kan bá ṣí /dev/watchdog, òǹkà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ètò náà sì gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sí i kí òǹkà tó dé òdo. A máa ń pe ìyẹn ní bíbọ́ ajá. Bí ebi bá pa ajá náà dé òpin, yóò gbé ẹ̀rọ náà ṣubú, yóò sì tún un gbé dìde. Ẹni tó bá fẹ́ pa fáìlì náà dé láìsí wàhálà ní láti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà V sí i, bí wọn ò bá ti nowayout mọ́ ọn, ìyẹn àṣàyàn tó ní kí ajá má ṣeé pa mọ́. Ti i.MX tiẹ̀ tún le sí i: bí o bá ti tan án, kò ṣeé pa mọ́ títí reset yóò fi dé. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan ló kéré jù tó lè dúró, ìṣẹ́jú-àáyá 128 ló pọ̀ jù. Àwa fi tiwa sí 60, a sì ń bọ́ ọ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:

watchdog -T 60 -t 15 /dev/watchdog

Kí a tó gbé èyíkéyìí jáde, mo dán an wò lórí tábìlì mi. Mo fi `killall -9 watchdog` pa ẹni tó ń bọ́ ọ. Kernel kọ ọ́ sí lọ́ọ̀gì pé "watchdog did not stop!", mo ka ọgọ́ta, bọ́ọ̀dù náà sì ṣubú, ó dìde. Mo ṣe é ní ogún ìgbà, ogún ìgbà náà ló jẹ́ ẹ. Mo bá kọ "ó dáa" sínú ìwé.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àìsàn yìí kò ṣeé gbé délé oníṣègùn. Bó o bá ti yọ àpótí náà kúrò lára iná láti gbé e wá sí Ìbàdàn, ara ẹ̀ ti yá. Bó o gbé e sórí tábìlì, yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí. Mo bẹ bàbá pé bó bá tún kú, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kàn pè mí. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo gbé láptọ́ọ̀pù, ó di Ìsẹ́yìn.

Mo dé ibẹ̀, mo ki wáyà serial bọ̀ ọ́. Mo tẹ Enter. Kò sí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òfo. Bí Linux bá wà níbẹ̀ tó kàn dákú, watchdog ò bá ti gbé e dìde láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí watchdog bá sì ti gbé e dìde, U-Boot ò bá ti kọ nǹkan sójú mi. Mo jókòó sórí páálí bátìrì, bàbá gbé omi tútù fún mi. Ibi tí mo ti ń mu ún ni mo ti ní kí n fi wáyà USB kan ojú OTG rẹ̀, kí n tẹ lsusb láti mọ ohun tó wà lẹ́nu wáyà náà. Ìlà kan yọ jáde:

15a2:0080

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti Linux. ROM inú i.MX6ULL, ètò kékeré tí wọ́n kọ mọ́ inú chip láti ìbẹ̀rẹ̀, ló ń lò ó, nígbà tó bá ti wá U-Boot títí tí kò rí i, tó wá ń dúró kí ẹnì kan fi USB gbé ètò fún un. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ajá náà ti ṣiṣẹ́ ẹ̀. Linux ti dákú lóòótọ́, watchdog ti gé e jẹ, chip náà ti ṣubú, ó ti dìde, ROM ti yíjú sí flash láti ka U-Boot, flash ò sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ. ROM bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Watchdog náà ò tún lè gbà á, torí pé lẹ́yìn reset ó máa ń sùn ni títí ètò kan yóò fi jí i, àwa ò sì jó fuse, àmì inú chip tí kò ṣeé pa rẹ́, tó ń mú kí ROM fúnra ẹ̀ tan án.

Kí ló dé tí flash ò fi dáhùn? Mo fi ìka lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé àlejò, pẹ̀lú ìwé chip náà níwájú mi.

SPI NOR àtijọ́ ń lo àdírẹ́sì báìtì mẹ́ta. Báìtì mẹ́ta kò lè tọ́ka kọjá 16 MB. Tiwa jẹ́ 32 MB, ó ní láti lo mẹ́rin. Nítorí náà, bí kernel bá ti gbéra, ó máa ń fi àṣẹ 0xB7 ránṣẹ́ sí flash: láti ìsinsìnyí lọ, máa retí báìtì mẹ́rin. Flash gbà, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí iná ẹ̀ yóò fi lọ. ROM ò mọ̀ sí i. ROM ń fi àṣẹ kíkà 0x03 ránṣẹ́, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú báìtì mẹ́ta, 00 04 00, ìyẹn 0x400, ibi tí orí U-Boot wà, tí báìtì D1 yẹ kó ti kọ́kọ́ yọ. Flash gba mẹ́ta, ó ń retí ẹ̀kẹrin. ROM ní tiẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀, ó ti ń gbọ́ èsì. Òdo tó wà lórí wáyà nígbà yẹn ni flash kà mọ́ àdírẹ́sì, ohun tó wá gbọ́ di 00 04 00 00. Ó bá lọ kó ohun tó wà ní 0x40000 jáde. Bí ẹni tó tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá sórí fóònù tó ń retí mọ́kànlá ni: ẹni tó pè ti ń sọ̀rọ̀, fóònù ṣì ń dúró. ROM ò rí D1, ó ní kò sí U-Boot níbí.

Reset tí watchdog i.MX ń ṣe nínú chip, chip yẹn nìkan ló kàn. Iná 3.3 V tó ń lọ sọ́dọ̀ flash ò gbọ̀n rárá. Flash ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ la sì lò, ẹsẹ̀ keje tó lè gba reset, a fi resistor 10k dè é mọ́ 3.3 V kó má yọ wá lẹ́nu. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ajá gbọ́, ó fọn fèrè pàápàá. Flash ni kò sẹ́ni tó fi etí fún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ NEPA ti yé mi. Àwọn àpótí Ìbàdàn ń kú bíi ti Òkè-Ògùn. Àmọ́ kí a tó mọ̀, NEPA á ti mú iná lọ. Bí iná bá dé, flash á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú báìtì mẹ́ta, ROM á rí D1, gbogbo nǹkan á sì dán. Mo padà sídìí àkọsílẹ̀ sáfà. Ọjọ́ kan wà tí àpótí kan ní Bódìjà dákẹ́ láti aago méjì ọ̀sán, tó yọjú padà laago mẹ́wàá alẹ́. A ti kọ "kò síná" sí i. Mo pe ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀sán kẹ̀? Iná wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn o, ẹja mi ò yọ́. Alẹ́ ni wọ́n mú un, fún bíi wákàtí kan." Wákàtí méje ló fi kú kí NEPA tó wá wò ó sàn. Mo ka irú ẹ̀ mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́ta, tá a ti di gbogbo ẹ̀ lé NEPA lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi tí mo jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀.

Ohun tó kù tí ò yé mi ni ogún ìgbà tí mo ti dán an wò lórí tábìlì. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀dù tábìlì mi tún dìde. Mo mú ọ̀kan nínú èyí tá a kó jáde, mo pa ẹni tó ń bọ́ ọ, mo ka ọgọ́ta: 15a2:0080. Bọ́ọ̀dù kan náà, ètò kan náà. Mo fi gíláàsì wo orí flash méjèèjì. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ wọn ò bára mu. Èyí tó wà lórí tábìlì mi jẹ́ irú tuntun tó ní àṣẹ àkànṣe fún báìtì mẹ́rin, 0x13 láti fi kà, 0x12 láti fi kọ, tí kernel ò sì ní láti yí ìwà ẹ̀ padà rárá. Ti àwọn yòókù jẹ́ irú àtijọ́ tí ẹni tó bá wa ra ọjà rí ní owó tó rọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà làwọn méjèèjì sì ń sọ bí kernel bá béèrè. Kì í ṣe àwa nìkan nìyẹn ṣẹlẹ̀ sí: nínú kóòdù spi-nor ti Linux, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú méjì ń jẹ́ nọ́ńbà kan, tí kernel fi ní láti wo SFDP, tábìlì tí flash fi ń ṣàpèjúwe ara ẹ̀, kó tó mọ èyí tó jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti lọ́ọ̀gì. Nígbà tá a kọ́kọ́ gba àwọn bọ́ọ̀dù yẹn, àṣẹ `reboot` lásán ń mú wọn kú. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa rí ìlà kan, broken-flash-reset, ó fi sínú device tree, fáìlì tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel, reboot sì dáa. Gbogbo wa yìn ín, èmi gan-an ló fọwọ́ sí i. Láti 2018 ni ìlà yẹn ti wà nínú Linux. Ohun tó ń ṣe ni pé bí kernel bá ń tilẹ̀kùn wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò dá flash padà sí báìtì mẹ́ta kó tó lọ. Ẹni tó bá dákú lójijì kì í tilẹ̀kùn. Kernel ò sì fi í pamọ́ fún wa. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀dù bá gbéra, ó ń kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú ìlà gígùn bíi ti ẹ̀rọ tó fẹ́ wó:

enabling reset hack; may not recover from unexpected reboots

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wò ó kọjá. Mo ti sọ fún àbúrò yẹn rí pé ariwo lásán ni, pé kó má dá a lóhùn.

Àtúnṣe wà lórí bọ́ọ̀dù náà tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó yà á fún wa ti fa ìlà kan láti ẹsẹ̀ tí watchdog lè gbà jáde, WDOG_B, lọ sí PMIC, chip tó ń pín iná fún gbogbo bọ́ọ̀dù. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá lọ sílẹ̀, PMIC á pa gbogbo iná, á sì tún un tan, flash náà á kú kó tó jí. Mo pè wọ́n láti bi wọ́n léèrè. "Mo kọ ọ́ síbi ìyàwòrán, ojú ewé kẹta," ni wọ́n sọ, ohùn wọn sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Àwa tá a kọ device tree ni ò tan án, torí ẹsẹ̀ LCD_RESET ló wà, a sì sọ pé a ò ní LCD. Ohun tá a fi kún un kò ju èyí lọ:

&wdog1 {
    pinctrl-names = "default";
    pinctrl-0 = <&pinctrl_wdog>;
    fsl,ext-reset-output;
};

àti nínú pinctrl_wdog, MX6UL_PAD_LCD_RESET__WDOG1_WDOG_ANY 0x30b0. Mo yọ broken-flash-reset kúrò lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé reboot lásán náà ti ń gba ọ̀nà PMIC.

Mo jókòó, mo fẹ́ rí i kó dìde. Lọ́tẹ̀ yìí n kò lo reboot, mo pa kernel gan-an: `echo c > /proc/sysrq-trigger`. Kernel wó, mo ka ọgọ́ta. Kò dìde.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹta náà ló kú. Mo fi mítà lé ìlà 3.3 V, mo tún un ṣe. Nígbà tí PMIC pa iná, ìlà náà kò dé òdo. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 1.2 V, ó sì dúró níbẹ̀ títí iná fi padà. Ta ló ń bọ́ ọ? Wáyà serial mi. Láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé bọ́ọ̀dù ti kú, ó ń fi 3.3 V sórí ẹsẹ̀ RX, iná yẹn ń gba inú i.MX jò wọ ìlà tó yẹ kó gbẹ. Flash ò kú tán, kò sì gbàgbé báìtì mẹ́rin ẹ̀. Mo yọ wáyà náà, mo fi fóònù pa kernel láti ojú SSH, mo ń wo iná aláwọ̀ ewé. Ó kú. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 60 iná pupa náà kú, ó tàn. Lẹ́yìn bí ogún sí i, aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú. Mo wá jó resistor 4.7k sáàárín wáyà serial náà, kó máa sọ̀rọ̀ láìmáa bọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wáyà serial tó wà níbi iṣẹ́ wa ló ní in báyìí, a sì fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n.

Àtúnṣe yìí gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Tẹ́lẹ̀, bí watchdog bá gé chip náà jẹ, U-Boot máa ń kọ "Reset cause: WDOG", ẹni tó bá sì bi /dev/watchdog léèrè pẹ̀lú WDIOC_GETBOOTSTATUS á gbọ́ òótọ́. Báyìí tó jẹ́ pé iná ló ń lọ tó ń bọ̀, "POR", ìyẹn pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni U-Boot ń kọ ní gbogbo ìgbà, àfi bí ẹni pé NEPA ló mú un. Èyí tó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín: NEPA tún wá gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀. A ní bátìrì kékeré tó ń mú aago bọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́, nítorí náà mo ní kí àpótí máa kọ àkókò tó bá jí ránṣẹ́, ká fi wé àkókò tó fi iye ránṣẹ́ kẹ́yìn. Bí àlàfo náà kò bá ju ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta lọ, watchdog ni. NEPA máa ń ṣẹ́jú nígbà míì lóòótọ́, àmọ́ lápá Ìsẹ́yìn tí kò sí NEPA lára àpótí náà, kò sí jàǹbá níbẹ̀.

Ohun tó ń pa kernel gan-an, dráífà módẹ̀mù 4G ni. Bí módẹ̀mù bá já lórí USB lójijì, ó ń wó. A ti gbé kernel tuntun sí i, ó dín kù. Bọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, a ti pinnu pé flash ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún la ó lò, tó ní ẹsẹ̀ RESET tirẹ̀, a ó sì so ó mọ́ reset tó kàn gbogbo ilé. Ìdánwò wa náà ti yí padà: bọ́ọ̀dù kan ò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì láìjẹ́ pé a ti fi sysrq pa á nígbà ogún, a sì ń ka orúkọ orí flash ẹ̀ sínú ìwé.

Mo fi 4G gbé device tree tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ogójì, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti bàbá. Mo pè wọ́n kí n tó ṣe é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ pa á."

"Ẹ fẹ́ pa á? Láti Ìbàdàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ kàn máa sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí."

Mo tẹ àṣẹ náà. Wọ́n ní aláwọ̀ ewé ti dúró. A dákẹ́ lórí fóònù, mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan wọ́n ní, "Ó kú pátá báyìí o, pupa náà ti lọ." Kí n tó fèsì, wọ́n ní pupa ti padà. Mo ń ka ogún sábẹ́ ahọ́n mi.

"Hẹn," ni bàbá wí. "Ó ń ṣẹ́jú."